Mo Fi Ẹja Ba Wáìnì Ọkọ Mi Jẹ́

Ẹni tó bá ń wá ẹkún nínú ìtàn yìí, kó tètè ṣí ojú ìwé mìíràn. Inú ń bí mi nígbà tí mo ṣe ohun tí mo ṣe, inú ṣì ń bí mi báyìí tí mò ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n egungun kan há mi lọ́fun nínú ọ̀rọ̀ náà, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu jáde. Òun ni mo gbé wá bá yín.

Wáìnì pupa ni èmi àti ọkọ mi ń tà. Àwọn tó ní oko àjàrà ló ń fún un jáde lára èso, wọn á rọ ọ́ sínú àgbá, àgbá á gun ọkọ̀ ojú omi títí á fi dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká pò ó pọ̀. Àjàrà mẹ́ta la fi ń ṣe tiwa: Kábánẹ̀, Mẹ́lò àti Ṣírà. Ilẹ̀ Faransé ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde kí gbogbo ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn wọ́n.

Ọkọ mi máa ń ní bí ará ilé kan náà ni wọ́n ṣe rí. Kábánẹ̀ ni baálé. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó le, bí o bá mu òun nìkan, á fa ahọ́n rẹ bí ìgbà tí èèyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Mẹ́lò ni ìyàwó. Ó rọ̀, ó kún ẹnu, òun ló ń pẹ̀tù sí baálé nínú. Ṣírà ni àna aláriwo. Ó dúdú, òórùn iyèré wà lára rẹ̀. Díẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ilé; bó bá ti pọ̀ jù, ìjà dé.

Ife mẹ́fà Kábánẹ̀, ife mẹ́ta Mẹ́lò, ẹyọ kan ṣoṣo Ṣírà. Mò ń sọ ọ́ ní gbangba báyìí nítorí ẹni tí kò yẹ kó gbọ́ ti gbọ́ ọ.

Bí ọkọ mi bá pò ó tán, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò lọ́jọ́ yẹn. Á bò ó. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìwà ara wọn ná. Wọn kì í dá ẹjọ́ tọkọtaya lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Ahọ́n tirẹ̀ mọ wáìnì. Tèmi mọ oúnjẹ tó bá wáìnì rìn. Bí oníbàárà bá rà á, èmi ni wọ́n ń bi léèrè, màá sì sọ fún wọn: ẹran màlúù tí wọ́n yan lórí èédú, tí ọ̀rá wà létí rẹ̀, ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn, olú tí wọ́n fi bọ́tà dín, wàràkàṣì tó le. Ọ̀rá á pàdé ìfahọ́n wáìnì, wọ́n á parí ìjà, ẹnu á dùn.

Bàbá Àgbá ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ mi, orúkọ yẹn náà la sì kọ sára ìgò. Inú yàrá àgbá ló kú sí. Àyà rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ife wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé wọn, mo fún un lórúkọ bí ìyàwó ṣe ń fún ará ilé ọkọ lórúkọ. Mo pè é ní Eyínmẹ́nugún, torí eyín rẹ̀ tò bí ọmọ àgbàdo, ó sì funfun. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ń sìnkú, eyín ń bẹ níta.

Kò pẹ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi wá jókòó tì mí.

"Ìyàwó wa, ẹ má mikàn. Bí mo ṣe wà láyé yìí, ẹ̀gbọ́n mi ò kú."

"Ẹ ṣé, ọkọ mi."

"Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bí àìsàn bá gbé yín dè lọ́la ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ṣé kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi bá yín sùn ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mẹ́fà, mẹ́ta, ẹyọ kan. Obìnrin tó ń sunkún ọkọ kì í rántí ṣọ́ ẹnu.

Ó tún padà wá. Ó fọwọ́ kan ògiri yàrá àgbá, ó mi orí.

"Ibí yìí ti ń gbóná jù, ìyàwó wa. Wáìnì á kan. Mo rí yàrá abẹ́lẹ̀ kan tó tutù bí inú ìkòkò omi. Ẹ jẹ́ n bá yín kó wọn lọ síbẹ̀."

Mo tún dúpẹ́. Mo bá wọn ti àgbá jáde, èmi fúnra mi! Mo ní kí wọ́n rọra ṣe é, kí wọ́n má mì ín.

Nígbà tí mo máa fi gbúròó àgbá wa, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ó dojú kọ tèmi gan-an. Ìgò tò sójú fèrèsé. Mo sọdá. Bébà tuntun ló wà lára ìgò, fọ́tò rẹ̀ ló wà lórí bébà, ó yọ gbogbo eyín. Orúkọ wáìnì náà sì ni Ògidì Eyínmẹ́nugún. Orúkọ tí mo fi kẹ́ ẹ nílé ọkọ mi ló fi ń ta wáìnì ọkọ mi.

"Ọkọ mi, wáìnì ta nìyí?"

"Wáìnì ìdílé ni, ìyàwó wa."

"Ìdílé wo? Èyí tó jẹ́ eyín látòkè délẹ̀?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ sinmi nílé, ìyàwó wa. Ìgbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ mu díẹ̀, ẹ máa bọ̀. Màá bù fún yín."

Á bù fún mi! Bí ẹni ń bu oúnjẹ fún alágbe.

Mo padà sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó sínú yàrá tó ṣófo, ojú ibi tí àgbá dúró sí ṣì pọ́n nílẹ̀. Mo ní, ó dáa. Mo ti ta ọjà láàárín àwọn olè, mo ti ná ọjà lọ́wọ́ àwọn tó burú ju ìwọ lọ. Màá gba wáìnì ọkọ mi padà, màá sì rí ọjọ́ tí eyín yẹn máa wọlé.

Ọjọ́ yẹn gba ẹnu ọ̀nà kan tí mi ò retí wọlé.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Obìnrin ló ni ín, Màdáámù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń wá wáìnì pupa kan ṣoṣo tí wọ́n á máa gbé síwájú gbogbo àlejò rẹ̀. Ẹni tí wáìnì rẹ̀ bá wọlé síbẹ̀, òwò rẹ̀ ti bọ́ sójú ọ̀nà nìyẹn. Eyínmẹ́nugún sì ti rí ojú rere rẹ̀. Ó kù kí Màdáámù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wáìnì náà jẹun ọ̀sán, kí wọ́n mọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń se oúnjẹ níbẹ̀. Àbúrò ni mo fi ṣe, Alásè ni mò ń pè é. Kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o! Màdáámù ní èmi ni n óò se oúnjẹ tí wọ́n máa fi tọ́ wáìnì wò. Olórí ilé ìdáná ń fẹ̀yìn tì, èmi ló fẹ́ fi síbẹ̀. Ó ní òun ń wo ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà."

"O kú oríire. Kí ni oníwáìnì ní kó o sè?"

"Mo bi í. Ó ní, 'Ohunkóhun tó bá ti wọ́n.' Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ń se ọ̀wọ́n ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ó wá yọ ìgò náà látinú báàgì, ó gbé e sórí káńtà níwájú mi. "Ẹ sọ fún mi. Kí ló bá a mu? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ẹran. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Yan ẹran màlúù, fi ọ̀rá sílẹ̀ létí rẹ̀, má fi ata sí i. Ìdáhùn tí mo ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni.

Ṣùgbọ́n ìgò yẹn ń wò mí. Ó ń fi eyín wò mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan fún yín nípa wáìnì tó le bíi tiwa. Ọ̀tá rẹ̀ láyé ni ẹja òkun tó lọ́ràá. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́nu, á dà bíi pé èèyàn ń lá ìṣó tó dípẹtà, òórùn ẹja á sì dìde látọ̀fun bí òkú tó jí. Tí ata bá wá gorí rẹ̀, wáìnì á máa jó ẹnu bí iná. Kò sí ẹni tó ń ta wáìnì pupa tí kò mọ̀ ọ́n. Eyínmẹ́nugún nìkan ni kò mọ̀, nítorí yìnyín àti ṣúgà ló fi ń mu tirẹ̀.

"Ẹja," mo wí.

"Ẹja kẹ̀? Mo rò pé ẹran ni wọ́n máa ń..."

"Ta ni kì í se ẹran? Ó fẹ́ kó o yàtọ̀ ni. Lọ wá ẹja òkun tó sanra, yan án, da òróró ara rẹ̀ sí i lórí. Má sì ṣahun ata."

Ó fò mọ́ mi lọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

"Àmín," mo wí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Mo ṣe àmín sí i.

Mo láyè láti pè é padà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rí i tó ń kọjá lọ láàárọ̀ ọjọ́ oúnjẹ náà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó juwọ́ sí mi láti òdìkejì títì. Ọkàn mi ní, "Pè é." Mo ṣí ẹnu.

Bí mo ṣe ṣí i ni Eyínmẹ́nugún wọlé, ó wọ kóòtù tuntun.

"Ìyàwó wa, ẹ múra, ẹ̀yin náà ń bọ̀. Mo fẹ́ kí Màdáámù rí i pé mò ń tọ́jú opó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà jókòó, ẹ má sọ̀rọ̀. Tó bá bi yín, ẹ ní mò ń ṣe dáadáa sí yín."

Mo pa ẹnu tí mo ṣí dé. Mo juwọ́ padà sí Alásè. Mo lọ múra.

Yàrá oúnjẹ náà tutù, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ife gíga gíga ń dán. Màdáámù jókòó sídìí tábìlì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń pe èrò sọ́kọ̀. Wọ́n bu wáìnì. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó mi orí.

"Hẹ̀ẹ́n! Èyí dùn. Ó kún ẹnu."

Gbogbo eyín tó wà lẹ́nu àna mi ló jáde. Wọ́n gbé ẹja wọlé, èéfín ń jáde lára rẹ̀, ó rẹwà. Màdáámù bù ú jẹ, ó gbé ife, ó mu.

Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

Ó tún mu ún, bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Ta ló ki irin bọ̀ mí lẹ́nu?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti tu tirẹ̀ sínú aṣọ ìnuwọ́. "Irin nìkan ni tìẹ? Tèmi ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ apẹja."

"Ata mà ń jó mi lọ́fun o! Ẹ fún mi lómi!"

Eyínmẹ́nugún sáré bu ẹja sẹ́nu, ó fi wáìnì lé e. Mò ń wò ó. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi pàdé. Mo ti mọ ọkùnrin náà láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó, mi ò rí i kó pa ẹnu dé rí. Ẹ̀yin ará, inú mi dùn gan-an.

"Wáìnì tó dùn níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń rùn lọ́fun," ni Màdáámù wí, "àbùlà ni. Kí lo bù là á?"

"Màdáámù, mi ò bu nǹkan kan..."

"Mo ní kí lo bù là á?"

Àna mi dìde, ó ń làágùn nínú kóòtù. "Kì í ṣe èmi! Ẹ̀gbọ́n mi tó kú ló ń pò ó bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbá! Wáìnì rẹ̀ ni, látòkè délẹ̀. Fọ́tò nìkan ni tèmi níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìyí, ẹ bi í!"

Ohun tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé ti ọkọ mi ni. Mo ṣe tán láti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Àgbá? A mu ọtí rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó mi. Abájọ tí inú fi run mí sùn!"

"Oníjìbìtì lòun náà nígbà yẹn," ni Màdáámù wí. "Ó ti kú lọ, a ṣì ń jẹ èlé ìwà rẹ̀."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi, tí kì í jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀ torí kí ahọ́n rẹ̀ má baà ṣìnà. Ọkọ mi, tó da odidi àgbá kan nù sójú gọ́tà nítorí pé ó ti fẹ́ kan, tí ebi sì pa wá lọ́dún yẹn. Òun ni wọ́n ń pè ní oníjìbìtì, èmi ni mo sì fà á. Bí mo bá dákẹ́, àna mi ti tẹ́, ọkọ mi náà ti tẹ́ lọ́run. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni màá tẹ́.

Mo dìde.

"Ẹ̀rín yẹn ti tó. Wáìnì kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

"Ẹ̀yin wo?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yan ẹja. Mo mọ̀ pé á bà á jẹ́. Ọkùnrin yìí jí wáìnì ọkọ mi, mo fẹ́ kó tẹ́. Ṣé ẹran màlúù wà nílé ìdáná yín?"

Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé sí ilé ìdáná. Alásè dúró, ó di àwo mú, ó ń retí ìyìn.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni? Wọ́n gbádùn ẹ̀?"

"Bá mi yan ẹran kíákíá. Fi ọ̀rá sílẹ̀. Má fi ata sí i."

Kò bi mí nídìí. Ó ṣe é bí mo ṣe wí, ó tún gbé e tẹ̀ lé mi wọlé. Ẹni tó fọkàn tán èèyàn nìyẹn.

Màdáámù jẹ ẹran, ó mu wáìnì. Ó tún jẹ, ó tún mu, ó mu ife náà gbẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà na ọwọ́ sí àwo. Ẹni tí inú run sùn nígbà ìgbéyàwó gan-an ní kí wọ́n tún bu sí i.

"Ó dùn," ni Màdáámù wí. "Ọkùnrin tó po èyí kì í ṣe oníjìbìtì. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹja á bà á jẹ́, ẹ wá ní kí alásè mi gbé e fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo gbọ́ tí àwo ẹja tí Alásè ń kó kúrò lórí tábìlì bọ́ lẹ́yìn mi. Mi ò wẹ̀yìn.

Màdáámù nàka sí àna mi. "Ìwọ, ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ pé wáìnì òkú lò ń tà. Gbé fọ́tò rẹ, kó o máa lọ." Ó nàka sí mi. "Ẹ̀yin, wáìnì yín dára, mi ò sì ní rà á. Ẹni tó lè fi ahọ́n mi ja ìjà rẹ̀ lónìí, ikùn mi ló máa fi jà lọ́la."

Mo gbà. Ẹjọ́ mi ni.

Àmọ́ kò tíì parí. "Alásè, o gbé ohun tí o kò mọ̀ síwájú mi, lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Bọ́ aṣọ ìdáná yẹn sílẹ̀."

"Màdáámù, mi kì í mu ọtí, mi ò lè tọ́ ọ wò, ìdí tí mo fi lọ bi ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn..."

"Bọ́ ọ."

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́jà rí, mo kúnlẹ̀ sórí ẹja tó fọ́n ká sílẹ̀. Màdáámù ní kí n dìde, mò ń da àlejò òun láàmú.

Àgbá ọkọ mi ti padà sílé; lẹ́yìn ohun tí àna mi fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kò lè dá wọn dúró mọ́. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ohun tí Eyínmẹ́nugún sọ, kò sẹ́ni tó ń ra ìgò eléyín lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì ti palẹ̀ mọ́. Táyà ọkọ̀ ló ń tà báyìí. Tó bá rí mi, ó ń fi ètè pípadé kí mi. Bí ẹ bá ń retí kí n ní mo ti dárí jì í, ẹ óò pẹ́ níbẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi nínú ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ̀san lọ́wọ́, mi ò ní kí ẹ má gbẹ̀san, mi ò lẹ́nu ẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé bí ẹ bá máa sọ òkò, ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ ọ́. Ẹ má yá ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn yín.

Mo wá Alásè lọ. Ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kékeré kan lẹ́bàá ibùdókọ̀, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Mo ní kó wá bá mi ṣiṣẹ́, kó wá di ẹnìkejì mi ní ṣọ́ọ̀bù, ká jọ máa pín èrè. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi.

Ó fọ abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó dà á dé, ó mú òmíràn.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti rí àgbá yín gbà," ó wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀san yín dùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi lẹ fi jẹ ẹ́."

Ó ní kí n jọ̀ọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun lójú.